Bẹ́ ẹ ṣe lè rí ìwé ìdáná tó máa wúlò lóòótọ́ yá ní láíbìrì fún Kérésì, àti bẹ́ ẹ ṣe máa júwe ẹ̀ fún ẹlòmíì

Tó bá ti di ìparí oṣù kẹwàá, àwọn èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ láíbìrì wá béèrè ìwé ìdáná Kérésì. Láíbìrì ìjọba ìbílẹ̀ níbí ní London ni mò ń sọ o, pàápàá apá gúúsù tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, Peckham, Camberwell, Woolwich, gbogbo ibẹ̀ yẹn. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè jù ni "ìwé wo ló dáa?", òṣìṣẹ́ á sì na ọwọ́ sí èyí tí fọ́tò iwájú ẹ̀ ń dán jù, ẹni tó béèrè á dúpẹ́, á gbé e lọ sílé, ìwé á jókòó sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí pé ẹnikẹ́ni se nǹkan kan nínú ẹ̀. Èmi ò fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti fi ìwé yẹn dáná rí ló yẹ kó júwe ẹ̀ fún yín, ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá ti dáná tán, ẹ júwe ẹ̀ fún ẹlòmíì, ọ̀nà tá a lè gbà ṣe é ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, fún ẹni tó ń yá ìwé àti fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó. Ìwé ìdáná tuntun ẹlẹ́yìn líle lè tó £25 sí £30 níbí, èèyàn á sì lè máà sè ju oúnjẹ méjì lọ nínú ẹ̀ láyé. Ọ̀fẹ́ ni yíyá. Ẹ má sì rò pé ẹ̀ ń rẹ́ òǹkọ̀wé jẹ, torí òfin kan wà ní Britain láti 1979, Public Lending Right ni wọ́n ń pè é, tó ní kí òǹkọ̀wé tó bá forúkọ sílẹ̀ máa gba pẹ́nì díẹ̀ lórí ìgbà tí wọ́n bá yá ìwé ẹ̀ ní láíbìrì, £6,600 sì ni òkè tí ẹnì kan lè gbà dé lọ́dún. Torí náà ẹ yá a pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn.

1. Ẹ tètè lọ

Ẹ má dúró de oṣù kejìlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ láíbìrì máa ń yáni ní ìwé, ẹ lè sún un síwájú lórí fóònù, àmọ́ tí ẹlòmíì bá ti forúkọ sílẹ̀ dè é, ẹ ò ní lè sún un mọ́, ẹ máa dá a padà ni. Ẹni tó bá wá ní December 15 á bá pẹpẹ tó ti ṣófo, kìkì ìwé oúnjẹ ìgbà ooru ló máa kù síbẹ̀.

Ohun míì ni pé àwọn oúnjẹ kan wà tí kò ṣeé sè lọ́jọ́ tó bá ku ọ̀la. Kéèkì elésò tí àwọn òyìnbó ń jẹ ní Kérésì, ọ̀pọ̀ ìwé máa ní kẹ́ ẹ yan án ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú, kẹ́ ẹ máa fi bíráńdì rin ín díẹ̀díẹ̀. Pudin wọn náà, ọjọ́ Sunday tó gbẹ̀yìn ṣáájú Advent ni wọ́n fi ń pò ó láti ayébáyé, òpin November nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ò kì í fẹnu kan ọtí, ẹ lè fi omi ọsàn tàbí tíì rẹ àwọn èso yẹn, kéèkì ẹ̀ á dùn dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní lè pẹ́ nílẹ̀ bíi ti ọlọ́tí, ẹ yan tiyín nígbà tí ọdún bá kù díẹ̀.

2. Kádì

Kò le rárá. Ẹ lè forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀, ẹ mú ohun tó ń fi àdírẹ́sì yín hàn dání. Àwọn ọmọdé náà ní kádì tiwọn, ẹ gbà á fún wọn.

3. Ẹ sọ bí kíṣìnì yín ṣe rí

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wáyé nídìí káúńtà, ká ní màmá kan ló wọlé tó bá ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Yorùbá níbẹ̀:

"Ẹ káàsán o, ọmọ mi. Ìwé ìdáná Kérésì ni mo ń wá."
"Ẹ káàsán ma. Ṣé kéèkì lẹ fẹ́ yan àbí oúnjẹ lẹ fẹ́ sè?"
"Oúnjẹ ni. Àwọn àna mi ń bọ̀, òyìnbó ni wọ́n."
"Á dáa o. Ẹ̀yin mélòó lẹ máa jẹun, Mummy? Ófùn yín ńkọ́?"
"Àwa mẹ́jọ. Ófùn gáàsì ni, kò tóbi, tòlótòló ńlá ò lè wọ̀ ọ́. Ìyàwó àbúrò àna mi ò sì kì í jẹ ẹran."
"Ṣé ẹ ti yan ẹran lódindi rí ma?"
"Rárá o. Èmi ò mọ̀ ju ká bọ̀ ọ́ ká dín in lọ."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ọ̀dọ́kùnrin yẹn ti mọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ fún màmá ní ìwé tí gbogbo ẹ̀ dá lórí tòlótòló odindi, ìwé tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń yan adìyẹ méjì tàbí igbá àyà tòlótòló nìkan ló máa ràn wọ́n lọ́wọ́, àti ọ̀kan tí oúnjẹ ẹlẹ́fọ̀ọ́ inú ẹ̀ tó oúnjẹ gidi, kì í ṣe ewé lásán tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Torí náà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ mọ iye èèyàn, irú ófùn, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe àti èyí tẹ́ ò ṣe rí, ẹni tí kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan, bóyá ẹ̀pà ò bá a lára mu tàbí ó ní àtọ̀gbẹ, àti iye tẹ́ ẹ fẹ́ ná. Tí òṣìṣẹ́ ò bá bi yín, ẹ sọ fún un.

Ẹ sì bi òun náà ní ìbéèrè kan: "ṣé ẹ mọ ẹni tó ti se nǹkan kan nínú ìwé yìí?" Tó bá ní òun ò mọ̀, kò sí wàhálà, ẹ ní kó bá yín bi àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Láíbìrì London, èèyàn oríṣiríṣi ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ará Jàmáíkà wà ńbẹ̀, ará Bangladesh wà ńbẹ̀, ọmọ Poland wà ńbẹ̀, kálukú ló mọ ìwé tó sọ òótọ́ nípa oúnjẹ ilé wọn.

4. Ẹ mọ ibi tí ìwé máa ń wà

Nọ́ńbà wà lára ẹ̀yìn ìwé, ẹ fi wá a. 641.5 ni ìdáná. Láàárín ẹ̀, 641.568 ni oúnjẹ ọdún àti ayẹyẹ, 641.5636 ni ti àwọn tí kì í jẹ ẹran, 641.56314 ni ti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, kéèkì àti nǹkan dídùn wà ní apá 641.86. Oúnjẹ ìlú kọ̀ọ̀kan wà ní 641.59: tẹ́ ẹ bá fi 6 kún un, ó di Áfíríkà, 66, ó di Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, 669, ó di Nàìjíríà. Àpapọ̀ ẹ̀ ni 641.59669. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo láíbìrì ló ń kọ nọ́ńbà náà gùn tó bẹ́ẹ̀, àwọn míì á dúró ní 641.59, torí náà tẹ́ ẹ bá ń wá a nínú kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Nigeria, kẹ́ ẹ tẹ West African, kẹ́ ẹ tún tẹ African, ohun tí kò jáde lẹ́ẹ̀kan á jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má fi tábìlì ọdún tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà nìkan mọ, àwọn ìwé tuntun ló máa ń wà níbẹ̀. Ìwé àtijọ́ tí ojú ewé ẹ̀ ti rọ̀, tó sì ń ṣí fúnra ẹ̀ sí ojú ewé kan, ẹ yẹ ojú ewé yẹn wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn èèyàn ti fi dáná gan-an ni. Ẹ dé apá àwọn ọmọdé náà, ìwé ìdáná wọn máa ń sọ nǹkan ní sísẹ̀ntẹ̀lé, pẹ̀lú àwòrán, àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kéèkì yíyan lè lò ó láìtijú.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí àwọn òṣìṣẹ́ náà máa ń gbàgbé: ìwé kan wà fún kíkà, òmíràn wà fún sísè. Longthroat Memoirs tí Yemisi Aribisala kọ ní 2016, àròkọ lórí oúnjẹ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìwé kíkà ni, ó dáa fún ẹni tó fẹ́ jókòó kà á lẹ́yìn ọdún. My Everyday Lagos tí Yewande Komolafe ṣe jáde ní 2023, ìwé sísè ni, bí wọ́n ṣe ń dáná ló wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún ẹni tó ní àlejò lọ́jọ́ Saturday ní ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ ò tíì ràn án lọ́wọ́ bó ti wù kí ìwé náà dáa tó.

5. Ẹ dán ìwé wò kẹ́ ẹ tó gbé e

Ẹ mú oúnjẹ kan tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n sè dójú àmì, ẹ ka bí ìwé ṣe ní kẹ́ ẹ sè é. Ká ní jọ̀lọ́ọ̀fù ni. Tí ìwé bá ní kẹ́ ẹ da ata àti tòmátò lílọ̀ sínú òróró, kẹ́ ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ da ìrẹsì sí i, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kíkan ló máa kan. Tó bá ní kẹ́ ẹ dín in títí omi inú ẹ̀ á fi gbẹ, tí òróró á fi lé sókè, tí òórùn tòmátò tútù á fi kúrò, ẹni tó kọ ọ́ ti dúró nídìí ìkòkò rí. Mọ́ínmọ́ín náà ńkọ́? Ṣé ó sọ bí omi ṣe máa pọ̀ tó nínú ẹ̀wà lílọ̀, àbí ó kàn ní "ẹ fi omi díẹ̀ sí i"? Tí ìwé bá yege lórí ohun tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ lè gbà á gbọ́ lórí ohun tẹ́ ò mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìwọ̀n. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún kéèkì, torí ọbẹ̀ ṣeé tún ṣe lórí iná, kéèkì tó ti wọ ófùn ò ṣeé tún ṣe mọ́. Ìwé tó fi gíráàmù kọ nǹkan ló dára jù. Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀bù ló ń lò, ẹ wo ìlú tí ìwé ti wá: kọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ò ju bíi mílílítà 240 lọ, ti Australia jẹ́ 250, ṣíbí ìjẹun níbí àti ní Amẹ́ríkà jẹ́ 15, ti Australia jẹ́ 20. Ẹ lè ní ìyàtọ̀ yẹn kéré, ó dáa, ẹ wo fúláwà: tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà, ó máa tó gíráàmù 120, tẹ́ ẹ bá ki kọ́ọ̀bù bọ inú àpò fúláwà kẹ́ ẹ fi gbọ́n ọn, ó lè tó 150. Nínú kéèkì tó ń gba kọ́ọ̀bù mẹ́ta, gíráàmù 90 ti ṣàfikún nìyẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe, kéèkì á wá le, àlejò á máa fi omi tì í. Bọ́tà náà, tí ìwé Amẹ́ríkà bá ní "stick" kan, gíráàmù 113 ló ń sọ. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń lo bátìrì, owó ẹ̀ ò pọ̀, ó máa gbà yín lọ́wọ́ gbogbo eléyìí.

Ófùn: 350°F ti Amẹ́ríkà, 180°C ni, gas mark 4 sì ni lórí ófùn gáàsì. Tí ófùn yín bá ní fáànù, ẹ dín 20 kù, ó di 160. Ìwé tí kò sọ èyí tó ń tọ́ka sí, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

6. Ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìwé

Àwọn ìwé àtijọ́ dùn, mo fẹ́ràn wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ààbò oúnjẹ ti yàtọ̀. Ohun tí Food Standards Agency, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ níbí, ń sọ ni kẹ́ ẹ mú. Tòlótòló tó dì, inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ ti yọ́ ọ, wákàtí 10 sí 12 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé oníkílò márùn-ún á gba wákàtí 50 sí 60, ju ọjọ́ méjì lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án December 25, kó ti kúrò nínú fírísà ní December 22. Tó bá jinná, inú ẹ̀ níbi tó nípọn jù gbọ́dọ̀ gbóná tó 70°C fún ìṣẹ́jú méjì.

Fífọ ẹran náà wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, ká fọ adìyẹ títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n omi yẹn máa ń ta sára síńkì, sára aṣọ, sára tòmátò tẹ́ ẹ gé sẹ́gbẹ̀ẹ́, kòkòrò ara ẹran á sì bá a lọ, iná ló ń pa kòkòrò, omi ò lè pa á. Ẹ nu ún pẹ̀lú bébà ìdáná, ẹ ju bébà yẹn nù, ẹ fọ ọwọ́ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti ìrẹsì yìí dáadáa, torí àwa gan-an ló kàn. Ìrẹsì àríyá tó sùn nínú kúlà mọ́jú, tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ṣeé jẹ láìséwu. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán, inú lílọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn ló ti ń pọ̀ sí i, oró tó bá sì tú sínú ẹ̀, gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì ò ní mú un kúrò. Ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ fífẹ̀ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí kan, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán kó tó pé ọjọ́ kan.

7. Ẹ sè é lẹ́ẹ̀kan kí ọjọ́ tó pé

Ìwé méjì tàbí mẹ́ta ti tó, ẹ má kó mẹ́wàá lọ sílé, àwọn míì ń wá a. Ẹ mú oúnjẹ kan péré nínú ẹ̀, ẹ sè é ní ìdajì ní ọjọ́ ìsinmi kan lóṣù kọkànlá, fún àwọn ará ilé yín nìkan. Ẹ kọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lò sínú ìwé tiyín, pẹ̀lú ìwọ̀n yín. Tí ẹ̀gbọ́n yín láti Ìbàdàn bá ní "ìrẹsì dẹ́ríkà méjì" lórí fóònù, ẹ bù ú bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ kọ gíráàmù ẹ̀ sílẹ̀, ìgbà míì ẹ ò ní pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń yá ìwé ní Peckham lè jókòó níbẹ̀ kọ ohun tó máa rà, kó sọdá sí Rye Lane kó rà á kó tó lọ sílé.

Ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bo ìwé tẹ́ ẹ bá ń dáná. Tí epo bá ta sí i, ẹ má ha á, ẹ sọ fún wọn nígbà tẹ́ ẹ bá dá a padà.

Àwọn tó fẹ́ ti orí fóònù, áàpù Libby àti BorrowBox ni ọ̀pọ̀ láíbìrì níbí ń lò, kádì yín lẹ máa fi wọlé, ọ̀fẹ́ náà ni, wọn kì í sì í ti ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ Kérésì. Kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ fúláwà, ẹ sọ fún fóònù kó má pa iná ojú ẹ̀.

8. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀

Èyí ni èèyàn púpọ̀ kì í ṣe, òun sì ni mo bẹ̀ yín sí jù. "Ìwé yìí dáa gan-an, mo fẹ́ràn ẹ̀" ò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Kéèkì elésò ni mo yan. Ìwé ní wákàtí mẹ́ta, ófùn gáàsì mi gba mẹ́ta àtààbọ̀. Mo dín ṣúgà kù díẹ̀, ó ṣì dùn. Èèyàn 12 jẹ ẹ́, ó ṣẹ́kù. Ó dáa fún ẹni tó ti yan kéèkì rí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kó mú òmíràn."

Ẹ rí i, ó sọ ohun tó sè, ó sọ irú ófùn, ó sọ ohun tó yí padà, ó sì sọ ẹni tí ìwé ò yẹ fún. Orúkọ yín ò pọn dandan níbẹ̀, ẹ lè kọ ti àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ fún òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má fi há inú ìwé, torí ó lè já bọ́ sọnù.

9. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́

Ẹ fi páálí pélébé sórí káúńtà pẹ̀lú bírò láti ìbẹ̀rẹ̀ November, kí ìbéèrè mẹ́rin wà lára ẹ̀: kí lẹ sè, fún ẹni mélòó, kí lẹ yí padà, ta ni kò yẹ fún? Ohun tí wọ́n bá kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìwé lórí tábìlì ọdún. Tí ìwé bá ti lọ, ẹ fi àwòrán iwájú ẹ̀ sí àyè ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ bí èèyàn ṣe lè forúkọ sílẹ̀ dè é. Ẹ jẹ́ kí ìwé ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdáná wà níbẹ̀, ti ọmọdé, ti alátọ̀gbẹ, ti ẹni tó ń dá jẹun, torí kì í ṣe gbogbo ilé ló ń gbàlejò ní Kérésì, àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwo kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbé kalẹ̀, ó yẹ kí wọ́n rí ìwé tiwọn láìsí pé wọ́n bẹ̀bẹ̀. Tó bá sì ku oṣù kan kí Ìtunnu Ààwẹ̀ àti Iléyá dé, ẹ gbé tábìlì yẹn jáde padà pẹ̀lú páálí ẹ̀.

Tí 641.59669 yín bá ṣófo, tàbí ìwé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé lẹ lè tún un ṣe o. Ọ̀pọ̀ láíbìrì ní fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń ní kí wọ́n ra ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún tó jáde àti nọ́ńbà ISBN ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ yín kí àwọn náà béèrè ìwé kan náà, torí ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn béèrè ni wọ́n máa ń kà sí.

10. Dídá a padà

Láíbìrì máa ń tì ní Kérésì àti ọjọ́ kìíní ọdún, àwọn míì máa ń tì jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí wọn á wà lẹ́nu ọ̀nà àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ìwé. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti forúkọ sílẹ̀ dè é, tẹ́ ẹ sì ti kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lò, ẹ gbé e lọ kí wọ́n tó tì, kí onítọ̀hún lè rí i lò kí ọdún tó dé.